Bí o ṣe lè pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ fúnra rẹ nílé láì fi ẹ̀mí, ẹ́ńjìnì àti omi àdúgbò wewu

Nínú gbogbo ìtọ́jú tí ọkọ̀ nílò, pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì wà lára èyí tó rọrùn jù láti kọ́. Ẹni tó bá ní sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu, jáàkì tó dára, abọ́ kan àti nǹkan bíi wákàtí kan lè ṣe é nílé ara rẹ̀.

Síbẹ̀, àṣìṣe kékeré nínú iṣẹ́ yìí lè já sí òfò ńlá. Nọ́ọ̀tì kan tí kò le dáadáa lè jẹ́ kí ọ́ìlì dà tán lójú ọ̀nà, kí ẹ́ńjìnì sì nọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ tó bá yọ̀ lórí jáàkì lè pa ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n bá sì dà sí gọ́tà yóò bá omi lọ sí ibi tí ẹlòmíràn ti ń lò ó.

Ní Asawase, nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kan gbogbo ilé. Àdúgbò náà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Asokore Mampong, èyí tí wọ́n yọ kúrò lára ti Kumasi lọ́dún 2012. Hausa, Yorùbá, Mossi, Dagomba àti Ashanti jọ ń gbé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà nínú agbo ilé tí ìdílé púpọ̀ ti ń lo àgbàlá kan náà. Àgbàlá tí o fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè sí ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáná, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni kànga wà.

Àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Kumasi tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ló lọ, àwọn kan dúró, àwọn mìíràn sì padà wá nígbà tó yá. Títí di òní, ọkọ̀ kò yé lọ, kò yé bọ̀ láàárín Kumasi, Lomé, Cotonou àti Èkó. Láti Kumasi dé Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 700. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé fún ọdún tó sì wà á padà ti lo ju ìdá mẹ́rin àkókò tí ọ́ìlì tí wọ́n ń pààrọ̀ ní kìlómítà 5,000 lè fi wà nínú ẹ́ńjìnì lọ.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ nìyí.

Kí ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnì?

Irin ló ń fi ara gbo irin nínú ẹ́ńjìnì, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ló máa ń wà láàárín wọn kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Ó tún ń gbé ooru kúrò níbi tí omi rédíétọ̀ kò lè dé. Ó ń fọ èérí àti eéfín tó lẹ̀ mọ́ ara písítìn, ó ń gbé wọn lọ sínú fílítà, ó sì ń dí ìpẹtà lọ́wọ́.

Bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń gbó. Ooru ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, epo bẹntiróòlù tí kò jóná tán ń dà pọ̀ mọ́ ọn, àwọn èròjà tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ láti máa fọ ẹ́ńjìnì sì ń tán díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tán, èérí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ojú ihò tó yẹ kí ọ́ìlì máa gbà. Awakọ̀ kò ní mọ̀, torí ọkọ̀ yóò ṣì máa lọ. Ọjọ́ tí yóò mọ̀ ni ọjọ́ tí iná pupa ọ́ìlì bá tàn níwájú rẹ̀ tàbí tí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgbàgbà.

Ìgbà wo ló yẹ kí o pààrọ̀ rẹ̀?

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kí o kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kà á dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìwé náà ló ní ìlànà méjì. Ọ̀kan wà fún ọkọ̀ tí wọ́n ń lò wọ́ọ́rọ́wọ́, èkejì wà fún ọkọ̀ tó ń jìyà.

Toyota, fún àpẹẹrẹ, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn tó ń lo ọ́ìlì 0W-20 àtọwọ́dá lè rin máìlì 10,000 tàbí kó lo ọdún kan, èyí tó tó kìlómítà 16,000. Ìwé kan náà ló ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ nínú eruku, tó ń gbé ẹrù wúwo, tàbí tó ń rin ìrìn kúkúrú lemọ́lemọ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó tó kìlómítà 8,000.

Takisí Kumasi tó ń dúró tó ń lọ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti àárọ̀ dalẹ́ wà lára ọkọ̀ tó ń jìyà. Ọkọ̀ tó ń gba eruku ọyẹ́ náà wà lára wọn. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kìlómítà kò lọ sókè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fi ń sọ pé kí ẹni tó ń lo ọ́ìlì lásán, èyí tí kì í ṣe àtọwọ́dá, pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000.

Epo tí a ń lò náà wà níbẹ̀. Ímí ọjọ́ tó bá pọ̀ nínú epo máa ń di ásíìdì nígbà tó bá jóná, ásíìdì yìí ló sì ń jẹ agbára ọ́ìlì. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Ghana dín ìwọ̀n ímí ọjọ́ tó lè wà nínú epo dísù tí wọ́n ń kó wọ̀lú kù láti 3,000 sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ń ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà kò lè mọ èyí tó ń rà.

Irú ọ́ìlì wo ni kí o rà?

Wo ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, wàá rí nọ́ńbà bíi 5W-30 tàbí 20W-50. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní SAE ló ṣe ìlànà náà. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí òtútù bá mú un. W fúnra rẹ̀ dúró fún ìgbà òtútù. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe nípọn tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ wa ti gbóná, ọ́ìlì tó nípọn jù ló dára jù. Èyí lè jẹ́ òótọ́ fún àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí ìwé wọn gba 20W-50 láyè. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnì tuntun ní ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, àwọn mìíràn sì ń fi agbára ọ́ìlì darí bí fáàfù ṣe ń ṣí tó ń padé. Tí o bá da ọ́ìlì tó nípọn jù sínú irú wọn, yóò pẹ́ kó tó dé òkè ẹ́ńjìnì ní àárọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni irin ń gbo irin jù.

Èkejì ni lẹ́tà tí àjọ API ti Amẹ́ríkà fi ń sọ ìpele ọ́ìlì. Fún ẹ́ńjìnì tó ń lo bẹntiróòlù, lẹ́tà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S. SP tó jáde lọ́dún 2020 tuntun ju SN lọ, SN sì tuntun ju SL lọ. Èyí tó tuntun lè rọ́pò èyí tó ti pẹ́ tí nọ́ńbà SAE bá bára mu. Má ṣe lo èyí tó ti pẹ́ jù fún ọkọ̀ tó béèrè tuntun.

Ẹ̀kẹta ni iye tí ẹ́ńjìnì ń gbà. Corolla ọdún 2003 tó ní ẹ́ńjìnì lítà 1.8 ń gba nǹkan bíi lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà. Èyí tó jáde lọ́dún 2009 tó ní ẹ́ńjìnì 1.8 tuntun ń gba 4.2. Kia Picanto kékeré tó pọ̀ nínú takisí Ghana ń gba nǹkan bíi lítà 3. Ẹni tó bá da odindi gálọ́ọ̀nù lítà 4 sínú Picanto ti dà á jù. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù yóò máa hó bí ọṣẹ nínú ẹ́ńjìnì. Kò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́, ó sì lè já rọ́bà tó ń dí ojú ibi tó lè gbà jò.

Bí o ṣe lè sá fún ayédèrú ọ́ìlì

Ayédèrú ọ́ìlì kì í ṣe tuntun nínú ọjà wa. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á sẹ́ ọ́ìlì àlòkù, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù gidi tí ẹnìkan ti lò jù nù.

- Rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí o lè padà lọ bá.
- Wo ìdérí rẹ̀. Òrùka tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì já, bébà tó bo ẹnu rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ní àtúnlẹ̀.
- Wo nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sí ara gálọ́ọ̀nù. Tí ó bá ṣeé fi ọwọ́ nù kúrò pátápátá, fura.
- Bí iye rẹ̀ bá fi ohun tó pọ̀ dín sí ti gbogbo ọjà, béèrè ìdí.
- Má ṣe sọ gálọ́ọ̀nù rẹ nù ní odindi. Ya bébà ara rẹ̀, kí o sì fi máríkà kọ “ọ́ìlì àlòkù” sí i gàdàgbà. Wàá nílò rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó máa lè fi í ta ayédèrú mọ́.

Ohun tí o nílò

- Ọ́ìlì tuntun àti fílítà tó jẹ́ ti ọkọ̀ rẹ.
- Wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀.
- Sípánà olójú òrùka tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ Toyota ń lo nọ́ńbà 14. Má ṣe lo púláyà.
- Jáàkì, sítáǹdì irin méjì, àti òkúta tàbí igi ńlá tí o máa fi wẹ́jì táyà.
- Abọ́ tó fẹ̀ tó lè gba lítà 6, àrọ, àkísà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti iyanrìn tàbí ìdọ̀tí igi fún ọ́ìlì tó bá dà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o sì pa á. Dúró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ́ìlì tó tutù kò ní dà tán, èyí tó gbóná janjan yóò bó ọ lọ́wọ́.

2. Ibi tó tẹ́jú, tó sì le ni kí o gbé ọkọ̀ sí. Ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí kò dára, torí jáàkì lè rì. Fa bíréèkì ọwọ́, fi ọkọ̀ sí P tàbí jíà kìn-ín-ní, kí o sì wẹ́jì àwọn táyà ẹ̀yìn ní iwájú àti ẹ̀yìn wọn.

3. Sọ fún àwọn ará ilé. Lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí o sì jẹ́ kí àgbàlagbà kan wà nítòsí títí o fi máa ṣe tán.

4. Ibi tí ìwé ọkọ̀ júwe ni kí o gbé jáàkì sí. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè, ti sítáǹdì irin sábẹ́ rẹ̀ ní apá méjèèjì, kí o sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lé wọn lórí. Ti ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ kí o tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá mì, tún un gbé.

Jáàkì kò wà fún kí ènìyàn máa wà lábẹ́ ọkọ̀. Gbígbé táyà kúrò ni wọ́n ṣe é fún. Búlọ́ọ̀kù ilé kò lè rọ́pò sítáǹdì, torí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láì ṣe ìkìlọ̀ kankan. Tí o kò bá ní sítáǹdì, tí ọkọ̀ rẹ kò sì ga tó láti dé ìdí nọ́ọ̀tì láì gbé e, má ṣe bẹ̀rẹ̀.

5. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o sì tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé láti òkè yóò jẹ́ kí ọ́ìlì tètè dà nísàlẹ̀.

6. Wá nọ́ọ̀tì ìdí abọ́ ọ́ìlì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sọ́ǹpù. Rí i dájú pé kì í ṣe ti jíà ni o dì mú. Àwọn kan ti dá ọ́ìlì jíà nù, wọ́n sì tún da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tuntun lé ti àtijọ́. Gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, tú u sí ọwọ́ òsì, kí o sì yọ ọwọ́ kíákíá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde. Jẹ́ kó dà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

7. Nu nọ́ọ̀tì náà, fi wáṣà tuntun sí i, kí o sì fi ọwọ́ lásán dá a padà ní àkọ́kọ́. Tí ó bá le láti wọlé, yọ ọ́ kí o tún bẹ̀rẹ̀. Má ṣe fi sípánà fi ipá wọ̀ ọ́, torí ọ̀pọ̀ sọ́ǹpù jẹ́ alumíníọ̀mù, tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn kò sì le. Bí ó bá ti wọlé dé ìdí, fi sípánà fún un níwọ̀nba.

8. Tú fílítà àtijọ́. Wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ bá a jáde. Bí rọ́bà àtijọ́ bá kù sí ara ẹ́ńjìnì, tí o sì de tuntun mọ́ ọn, ọ́ìlì yóò tú jáde nígbà tí o bá tan ọkọ̀. Fi ìka ra ọ́ìlì tuntun sí rọ́bà fílítà tuntun, fi ọwọ́ de é títí yóò fi kan ìdí, kí o sì fi ọwọ́ yí i sí i ní nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan. Fílítà onípébà tó wà nínú ilé rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀, èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀.

9. Da ọ́ìlì tuntun sí i pẹ̀lú àrọ, ṣùgbọ́n fi nǹkan bíi ìdajì lítà sílẹ̀ kúrò nínú iye tí ìwé sọ. Dé ìdérí òkè.

10. Tan ọkọ̀. Iná pupa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá kú, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, má ṣe tẹ tòótúù, kí o sì wo ìdí nọ́ọ̀tì àti fílítà bóyá ó ń jò. Ìta ni kí o ti wò ó, má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

11. Pa á, sọ ọkọ̀ kalẹ̀, dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o sì fa gééjì wò. Fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti tòkè, kó sún mọ́ tòkè láì kọjá rẹ̀.

12. Kọ ọjọ́, iye kìlómítà àti irú ọ́ìlì sílẹ̀. Tún gééjì fà wò lọ́jọ́ kejì, kí o sì wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ sùn sí.

Ohun tí ọ́ìlì àtijọ́ lè sọ fún ọ

Má ṣe yára da ọ́ìlì inú abọ́ kúrò. Ó ní ìròyìn tó ń sọ nípa ẹ́ńjìnì rẹ.

Dúdú nìkan kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́. Ọ́ìlì tó ń fọ ẹ́ńjìnì dáadáa gbọ́dọ̀ dúdú, ti ẹ́ńjìnì dísù sì lè dúdú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ bó bá rí bíi tíì oní mílíìkì, ó ṣeé ṣe kí omi rédíétọ̀ ti máa wọ inú rẹ̀. Má ṣe tún wa ọkọ̀ náà lọ ibi jíjìn. Bó bá ń dán bí ẹni pé wọ́n rẹ́ irin sínú rẹ̀, irin kan ti ń jẹ nínú ẹ́ńjìnì. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tó sì ṣàn bí omi, epo ń jò wọ inú ọ́ìlì. Bí ohun tó jáde bá kéré gan-an sí iye tó yẹ, ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì tàbí ó ń jò níbìkan.

Èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ti kọjá iṣẹ́ àgbàlá ilé. Mẹkáníìkì ló kàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ ká sọ. Àwọn kan máa ń da kẹrosíìnì tàbí dísù sínú ẹ́ńjìnì láti fi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó da ọ́ìlì tuntun sí i. Nínú ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ láì rí ìtọ́jú, èyí lè tú èérí tó dì jọ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì lọ dí ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà. Ọ̀nà tó dára ni kí o pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà kíákíá ní ìgbà méjì tó tẹ̀léra. Díẹ̀díẹ̀ ni èérí náà yóò fi kúrò.

Níbo ni ọ́ìlì àlòkù yóò lọ?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà nílé kì í bi ara wọn kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì.

Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó bí gálọ́ọ̀nù kan, lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi tó mọ́ jẹ́. Ní Asawase àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, gọ́tà ń sàn lọ sínú odò Aboabo, odò tó máa ń kún bo ilé nígbà òjò. Ohun tí wọ́n bá dà sí gọ́tà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè padà wọ yàrá nígbà tí òjò bá dé. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n eérú tibí máa ń tọ aládùúgbò pẹ̀lú.

Dídà á sílẹ̀ kò yàtọ̀. Àwọn kan ń dà á sí ìpìlẹ̀ ilé láti fi pa ikán, àwọn kan sì ń dà á sójú ọ̀nà kí eruku má baà gbéra. Ọ́ìlì tó bá wọ ilẹ̀ lè dé kànga. Irin bíi òjé àti àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Ìdí kan náà nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pa ara, kí ó fi tọ́jú làpálàpá, tàbí kí ó fi kun ara ajá tó ní èékú. Àjọ ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé fífi ara kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àlòkù léraléra lè fa àrùn awọ ara, tó fi mọ́ jẹjẹrẹ awọ. Wọ ìbọ̀wọ́, fi ọṣẹ fọ ọwọ́, má sì ṣe fi àkísà ọlọ́ìlì sínú àpò ṣòkòtò.

Ohun tó yẹ kí o ṣe rọrùn:

- Jẹ́ kí fílítà àtijọ́ ro dànù sínú abọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.
- Fi àrọ rọ gbogbo ọ́ìlì náà sínú gálọ́ọ̀nù tí o ti kọ nǹkan sí lára. Má ṣe da omi, bíréèkì fúlúùdì tàbí bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ọn, torí kò ní ṣeé tún lò mọ́.
- Má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ọmọdé má baà gbé e mu.
- Gbé e lọ bá fítà tàbí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ́ìlì àlòkù ní iye lórí. EPA sọ pé gálọ́ọ̀nù kan rẹ̀, tó jẹ́ lítà 3.8, lè mú nǹkan bíi lítà 2.4 ọ́ìlì tuntun jáde tí wọ́n bá tún un sẹ́. Agbá epo rọ̀bì kan tó jẹ́ lítà 159 ni wọ́n máa ń nílò kí wọ́n tó rí irú iye bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ibi ìkódọ̀tí tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ló ń gba ọ́ìlì àlòkù, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti dà á sí gọ́tà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀ bíi AutoZone ń gbà á lọ́wọ́ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé kí o kọ fítà sílẹ̀?

Rárá. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Ghana, Kumasi sì ni ilé wọn. Suame Magazine tó wà ní apá kejì ìlú náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí oníṣẹ́ ọkọ̀ pọ̀ sí jù ní Áfíríkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti orí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe dé orí ẹni tó ń rọ irin. Ibẹ̀ náà ni yunifásítì KNUST gbé ilé iṣẹ́ ìkọ́ni ní ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sí lọ́dún 1980 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ṣì nílò wọn fún bíréèkì, jíà, iná àti ohun gbogbo tó kù. Fítà tó dára tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ láti tú ọ́ìlì lè rí rọ́bà tó ti ń ya tàbí bọ́òlù jọ́ìntì tó ti ń mì, ohun tí ojú tìrẹ lè fò dá. Bí o bá ń ṣe é nílé, jẹ́ kí fítà yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí méjì lọ́dún.

Bí o kò bá ṣe é rí, ra ọ́ìlì àti fílítà fúnra rẹ, gbé wọn lọ bá fítà rẹ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí o dúró tì í wò ó. San owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Béèrè ibi tí nọ́ọ̀tì wà, ibi tí jáàkì ń jókòó sí, àti nọ́ńbà sípánà tó bá a mu. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá fẹ́ ṣe é, wàá ti mọ ọkọ̀ rẹ, wàá sì ti mọ ẹni tí wàá pè bí nǹkan bá yíwọ́.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àdéhùn ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ ka àdéhùn náà ná, kí ó sì máa tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti fílítà. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ní sítáǹdì, tàbí tí kò tíì mọ ibi tí yóò gbé ọ́ìlì àlòkù lọ, kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún fítà títí yóò fi ní wọn.